Ohun tí Ọlámúyìwá fi pamọ́ fún àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀

Ọdẹ mẹ́ta ni wọ́n máa ń ké sí ní Imoru bí ènìyàn bá sọnù sínú igbó: Lateef tó jẹ́ olórí wọn, Qudirat tí bàbá rẹ̀ fi ìbọn lé lọ́wọ́ kó tó kú, àti Ọlámúyìwá, ọmọ Àkókó tí oko kòkó gbé wá sí ìlú náà. Ọdún karùn-ún rèé tí wọ́n ti jọ ń wọ igbó. Lateef a máa sọ fún gbogbo ayé pé kò sí ojú tó mú bí ojú Ọlámúyìwá.

Kì í ṣe ojú. Bí Ọlámúyìwá bá bọ́ bàtà, tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀, tó sì pe orúkọ ẹni tó sọnù nínú ọkàn rẹ̀, ilẹ̀ yóò máa lù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí àyà ènìyàn ṣe ń lù. Ibi tí lílù náà bá ti le jù ni ẹni náà wà. Ọ̀dọ̀ Abigail ìyá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnì kankan. Tí wọ́n bá dénú igbó, yóò ní ẹ̀gún gún òun, yóò bọ́ bàtà, yóò dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò nawọ́ sí ewé kan tó ṣẹ́. "Ẹ wò ó, ibí ló gbà."

Nínú oṣù Òkúdù ọdún tó kọjá, Màmá Veronica, ìyá àgbà tí ìgbàgbé ti ń dà láàmú, jáde nílé láàárọ̀, kò sì padà. Glory ọmọ rẹ̀ sáré wá pe àwọn ọdẹ. Ìbòrí ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀nà Okeluse ni mo ti rí ìbòrí yìí," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìyá mi."

Lateef wo ojú ọ̀run. Òjò ti ṣú. "Ọ̀nà Okeluse náà la ó gbà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ṣùgbọ́n Ọlámúyìwá ti bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà Glory. Apá odò ni ilẹ̀ ti ń lù, òdì kejì pátápátá, kò sì lù le.

"Bọ̀ọ̀dá Lateef, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ etí odò wò."

"Kí lo rí níbẹ̀?"

Ọlámúyìwá wò yíká. Àgbàlá tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní ni wọ́n wà. Kò sí ewé, kò sí ipa ẹsẹ̀. "Ọkàn mi ló kàn ń lọ síbẹ̀."

"Ìbòrí wà lọ́wọ́ wa, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ọkàn."

Wọ́n lọ. Ọlámúyìwá tẹ̀ lé wọn, bàtà lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń jìnnà ni lílù náà ń rọlẹ̀. Ó gbà á ládùúrà pé kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí yóò dá wọn padà. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó dúró sójú ọ̀nà.

"Mi ò lọ mọ́. Ìyá ò sí níbí. Ilẹ̀ ló máa ń sọ fún mi, láti ọjọ́ tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́. Etí odò ni wọ́n wà, ó sì ti ń rẹ̀ wọ́n."

Qudirat wo ẹsẹ̀ Ọlámúyìwá. "Mo ti ń rò ó," ó ní. "Irú ẹ̀gún wo ló ń gún ènìyàn kan ṣoṣo fún ọdún márùn-ún?"

Lateef yí padà sí ọ̀nà odò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Wọ́n bá Màmá Veronica lórí gbòǹgbò igi ńlá kan. Omi odò ti kún dé orúnkún rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí Lateef gbé e pọ̀n, ìyá náà fọwọ́ pa á lórí, ó ní, "Ṣé ẹ ti jẹun, ẹ̀yin ọmọ yìí?"

Lọ́jọ́ kejì, Lateef wá bá Ọlámúyìwá níbi tó ti ń sá kòkó. Kò kí i.

"Adébánjọ ńkọ́?"

Adébánjọ ni àbúrò Lateef. Ọdún méjì ṣáájú ni àgbàrá gbé e lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wá a kí wọ́n tó rí òkú rẹ̀.

Ọwọ́ Ọlámúyìwá dúró lórí kòkó. "Ilẹ̀ ò lù," ó ní.

"Láti ọjọ́ wo?"

"Láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní."

Lateef jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọlámúyìwá náà jókòó.

"Obìnrin kan wá bá ìyá mi nítorí ọmọ rẹ̀ tó sọnù nígbà kan. Ìyá mi fẹsẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n ní, 'Ẹ má wá a mọ́.' Obìnrin náà ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ìyá mi ní àwọn ì bá jẹ́ kó wá ọmọ rẹ̀ díẹ̀ ná. Tí ẹ bá mọ̀ pé mo lè gbọ́ alààyè, Bọ̀ọ̀dá, ojú mi lẹ ó máa wò. Ẹ ó rí òkú nínú ojú mi kí ẹ tó kúrò nílé."

Lateef mú hóró kòkó kan nílẹ̀. "Ìyá wa dáná fún wa ní ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé a máa padà lọ. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ì bá má dìde nílẹ̀." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo bínú sí ẹ. Mo ṣì ń bínú. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni pé ìwọ nìkan lo gbé òkú àbúrò mi lọ́kàn fún ọjọ́ mẹ́rin, tí mo sì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Sọ fún èmi àti Qudirat."

Nínú oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, àgbẹ̀ kan sọnù, àwọn ìyàwó rẹ̀ sì ń sunkún lójúde. Lateef wo Ọlámúyìwá. Ọlámúyìwá ti bọ́ bàtà; ó mi orí, díẹ̀ báyìí: ilẹ̀ ò lù. Qudirat rí i, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lateef wúkọ́, ó kọjú sí àwọn obìnrin náà. "Ẹ bá wa fi oúnjẹ sínú abọ́," ó ní. "Ọ̀nà jìn. A ń lọ wá a."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ igbó lọ.