Okùn Kejìlá

Téèpù dúdú ni wọ́n fi bo àmì náà. Àǹtí Olókùn fi èékánná hú etí rẹ̀, ó fà á, ó sì rí ọ̀dà pupa tí òun fúnra rẹ̀ fi kun okùn náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀dà pupa kò ní ìtumọ̀ méjì nínú yàrá yẹn. Okùn tó bá ní in ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so ara mọ́ ọn mọ́.

Ó tún un yẹ̀ wò, bóyá ojú ló ń tan òun jẹ. Kò tàn án. Okùn kejìlá ni. Níbi tó ti já, fọ́nrán inú rẹ̀ ti tú bí irun àgbàdo. Òun ni afinimọ̀nà tí gbogbo wọn ń pè ní Ewúrẹ́ Òkè so mọ́ra ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tó fẹ́ fi han àwọn àlejò mẹ́jọ bí wọn yóò ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ lára àpáta. Ó ní kí wọ́n máa wo ẹsẹ̀ òun dáadáa. Ẹsẹ̀ yẹn náà ló kán.

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin yìí ti ń tọ́jú okùn níléeṣẹ́ tó ń mú àwọn àlejò gun òkè. Ní àràárọ̀, á fa okùn kọ̀ọ̀kan gba àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ kọjá, láti orí dé ìdí, á máa wá ibi tó rọ̀ jù tàbí ibi tó le gbagidi. Àwọn afinimọ̀nà a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá kọ ọkọ rẹ̀, okùn ni yóò fẹ́. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ gun àpáta láìkọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé Àǹtí ti wò ó?”

Ilẹ̀kùn ṣí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wọlé, òun ló ni iléeṣẹ́ náà. Ó gbé bébà kan sórí tábìlì, ó fi bírò lé e.

“O ti dé. Ó dáa. Ọ̀la ni olùwádìí ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ìjọba. Fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ ò ju pé o yẹ gbogbo okùn wò láàárọ̀ Sátidé, gbogbo rẹ̀ sì dára.”

“Láàárọ̀ Sátidé, mo wà níbi ìpàdé òbí níléèwé ọmọ mi. Ẹ̀yin lẹ fún mi láyè.” Ó gbé téèpù dúdú náà sókè. “Ta ló fi èyí bo ọ̀dà mi, Bọ̀ọ̀dá?”

Ọkùnrin náà wo ojú fèrèsé.

“Mo ní ta ló fi téèpù bò ó?”

“Àlejò mẹ́jọ ló ya wọlé láìròtẹ́lẹ̀. Okùn ò tó. Mo wò ó, mi ò rí nǹkan kan tó ṣe é.”

“Ẹ wò ó! Ojú wo lẹ fi wò ó? Ọdún mélòó lẹ fi kọ́ ojú yẹn níṣẹ́ okùn?”

“Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn wà níta.”

“Kí wọ́n gbọ́! Èèyàn já bọ́ láti òkè bíi pé àpò yanrìn ni, ẹ ní kí n rọra!” Ó fa bébà náà mọ́ra, ó kà á. “Ẹ kọ ọ́ síbí pé kókó tó ta ló tú. Kókó Ewúrẹ́ Òkè! Ṣé ẹ ti gbàgbé pé òun ló kọ́ ẹ̀yin pàápàá bí wọ́n ṣe ń ta kókó?”

“Ó ti ń dàgbà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Kò sẹ́ni tí yóò bá a wí.” Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Gbọ́ mi. Bí wọ́n bá ti ibí yìí pa, èmi nìkan kọ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Ìyá tó ń gba àlejò sílé ń kọ́? Ọkùnrin tó ń fi kẹ̀kẹ́ háyà ń kọ́? Òkè yìí ló ń bọ́ gbogbo wa.”

“Òkè ló ń bọ́ wa, àmọ́ òkè ò ní ká máa parọ́ mọ́ ẹni tó ń gùn ún.”

“Ta ló rán ẹ níléèwé nígbà tí Bàbá kú?”

Ìbéèrè yẹn ni ọkùnrin náà ti ń fi pa á lẹ́nu mọ́ láti ogún ọdún. Ó ti fi mú un gba iṣẹ́ tí kò wù ú, ó ti fi mú un yí ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ padà. Lọ́jọ́ yìí, kò ṣiṣẹ́.

“Ẹ̀yin ni,” ni ó wí. “Mi ò sì gbàgbé rí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé torí kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí irọ́ lẹ ṣe rán mi lọ, owó yín ti wọgbó.”

Ó ká okùn kejìlá, ó kó o sínú báàgì rẹ̀, ó sì fi bébà náà sílẹ̀ níbi tó wà.

Kò tíì dé ìsàlẹ̀ òkè tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ìyá wọn ni.

“Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún ṣọ̀rẹ́ o, ọmọ mi.”

“Màmá, kò sẹ́ni tó pe ẹnì kankan lẹ́jọ́.”

“Ó sunkún sí mi létí. Ọkùnrin tó tó báyẹn!”

“Ṣé wọ́n sọ fún yín pé Ewúrẹ́ Òkè náà sunkún? Ṣé wọ́n sọ pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń gbọ́ igbe rẹ̀?”

“Ìwọ náà ti le jù,” ni ìyá náà wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo ti le.” Ó pa fóònù, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.

Ewúrẹ́ Òkè wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹta. Wọ́n ti fi báńdéèjì líle funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n sì gbé e kọ́ sókè. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ká aṣọ. Nígbà tí Àǹtí Olókùn kí i, kò ju pé ó mi orí lọ.

“Wọ́n gbé mi kọ́ tán,” ni Ewúrẹ́ Òkè wí, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. “Ó kéré tán, okùn tibí ò já.”

“Ẹ má fi ṣeré, ẹ̀gbọ́n. Mo ti rí okùn náà. Wọ́n fẹ́ sọ pé kókó yín ló tú.”

“Mo mọ̀. Ọ̀gá ti wá síbí lánàá. Mo ti gbà.”

“Ẹ gba kí ni?”

“Pé kókó mi ló tú. Wọ́n ní àwọn á gbé mi sẹ́nu géètì, kí n máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn àlejò. Ní ọjọ́ orí mi yìí, pẹ̀lú irú ẹsẹ̀ yìí, ta ló tún máa fún mi níṣẹ́?”

“Ó ti fi tíkẹ́ẹ̀tì ra orúkọ yín!” Ohùn Àǹtí Olókùn gòkè débi pé aláìsàn tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì yíjú. “Ọgbọ̀n ọdún lórí òkè, kókó yín ò tú rí! Ẹ sì gbà? Ẹ ò tiẹ̀ bú u?”

“Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan,” ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Kò gbé ohùn sókè. Ó fi aṣọ tó ń ká sílẹ̀ lórí itan rẹ̀.

“Bí ẹ bá ti fi ọ̀dà kun okùn, kí ló kù tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe?”

“Kí n gé e sí wẹ́wẹ́.”

“Nítorí kí ni?”

“Nítorí kí ẹnikẹ́ni má bàa lè lò ó mọ́.”

“Kí ló wá dé tẹ́ ò gé e?”

“Ọ̀gá ní kí n fi sílẹ̀. Wọ́n ní a lè máa fi di ẹrù.”

“Ẹ sì fi sílẹ̀.”

“Mo fi sílẹ̀.”

“Ọkọ mi kì í ṣe ẹrù,” ni aránṣọ náà wí. “Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé lẹ ti ń bínú kiri inú wọ́ọ̀dù. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín jà, ẹ tún fẹ́ bá ẹni tó ń jẹ̀rora jà. Èmi náà ní inú, ó sì ń bí mi. Ṣùgbọ́n èmi mọ gbogbo ẹni tí mò ń bínú sí. Ẹ̀yin ti yọ ẹnì kan kúrò níbẹ̀.”

Ewúrẹ́ Òkè ní, “Ìyàwó mi, ó tó,” ṣùgbọ́n òun náà kò sọ pé irọ́ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí Olókùn jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ rẹ̀, ó ń kọ̀wé sí olùwádìí. Ó ya bébà àkọ́kọ́, ó ya èkejì, ó ya ẹ̀kẹta, nítorí pé gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ̀gbọ́n mi.” Ọkọ rẹ̀ béèrè bóyá ó fẹ́ jẹun, ó jágbe mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ ẹ́. Bébà kẹrin bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Èmi,” kò sì ya ìyẹn.

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olùwádìí náà dé yàrá okùn, obìnrin àgbàlagbà kan tó wọ bàtà ìrìn-òkè bí ẹni tó mọ ibi tó ń bọ̀. Ó ka ìwé tí Àǹtí Olókùn kọ lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìyáàfin, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ kọ síbí kan ẹ̀yin náà?”

“Mo mọ̀, mà.”

“Ẹ má dá a lóhùn,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó dìde. “Inú ló ń bí i. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni, a ó yanjú ẹ̀ nílé.”

“Òótọ́ ni, inú ń bí mi.” Àǹtí Olókùn yọ okùn náà nínú báàgì, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì fi téèpù náà tì í. “Ẹ bá mi wo okùn, mà. Inú ò bí òun.”

Olùwádìí náà fi ìka tọ ọ̀dà pupa náà. Ó wo téèpù. Ó ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ okùn sí, ó wá ojú ewé náà, ó sì rí i: okùn kejìlá, kí wọ́n gé e.

“Láti òní,” ni ó wí, “ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gun àpáta yìí títí a ó fi parí ìwádìí. Ẹ̀yin náà, Ìyáàfin, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn kankan níbí.” Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Mò ń lọ sí ọsibítù báyìí. Ẹni tó ṣèṣe yẹn ò jẹ̀bi nǹkan kan, ó yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.”

Níta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. “O ti pa wá,” ni ó wí. “O ti pa ara ẹ náà pẹ̀lú wa.”

“Ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lóòótọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ tọ́jú ọ̀rọ̀ ‘pa’ yẹn fún irú ìyẹn.”

Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kan dúró. Tọkọtaya kan sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin wọn méjì, wọ́n ti dé akoto sórí láti ilé.

“Ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ibí la ti ń gun àpáta?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yára fa ẹ̀rín sójú. “Ẹ káàbọ̀! Ẹ má bínú, a ò gùn lónìí. Àtúnṣe díẹ̀ là ń ṣe.”

“Okùn wa ló já,” ni Àǹtí Olókùn wí. “Okùn tí kò dára ni, àwa la fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Afinimọ̀nà wa ti wà ní ọsibítù. Ìdí nìyẹn tí a ò fi gùn.”

Ẹ̀rín kú lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tọkọtaya náà wo ara wọn. Èyí tó kéré nínú àwọn ọmọ náà yọ akoto rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

“Ṣé kò wá sí nǹkan míì téèyàn lè ṣe níbí?” ni ìyá wọn béèrè.

Àǹtí Olókùn wo òkè. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó gba àárín igi kọjá dé ibi ìsun omi. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí òun ti gbà á kẹ́yìn, torí pé inú yàrá okùn ni gbogbo àárọ̀ rẹ̀ ń parí sí.

“Ọ̀nà ìrìn wà,” ni ó wí. “Ẹsẹ̀ nìkan ló gbà. Èmi ni mo máa mú yín lọ.”

“Báwo ló ṣe jìn tó?”

Ó so okùn bàtà rẹ̀ le, ó kọjá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìwò ó.

“Wákàtí mẹ́ta ni lílọ àti bíbọ̀. Ṣùgbọ́n bí inú ṣe ń bí mi yìí, wákàtí méjì lè tó. Ẹ múra.”