Ajílẹ̀ Ọjọ́ Òjò

Ẹja tún kú léfòó lẹ́nu odò láàárọ̀, omi sì ti di àwọ̀ ewé.

"Ọwọ́ ẹni tó ṣe èyí á rọ!" ni apẹja fi igbe ta.

Obìnrin tó ń yẹ omi wò kò bá a ṣépè. "Ajílẹ̀ tí òjò ń gbá wá láti oko ló ń bọ́ ewé inú omi. Ewé yẹn ló ń sé ẹja léèémí." Ó bu omi ojú àgbàrá kọ̀ọ̀kan sígò; ti oko àbúrò apẹja ló burú jù.

Apẹja gbaná jẹ, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ lóko. "Ta ló ní kó o máa da ajílẹ̀ bójò bá ti ṣú?"

"Ẹ̀yin náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní òjò á bá mi rin ín wọlẹ̀, mi ò ní pọnmi."

Apẹja wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rọra ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò.