Ọjọ́ Tí Omi Dùn ní Ain Tufaha

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti kúrò ní Ain Tufaha, mi ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Àwọn tí a jọ wà níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ṣùgbọ́n tí oṣù ààwẹ̀ bá bọ́ sí ìgbà ooru, àyà mi ṣì máa ń já nírọ̀lẹ́, bí ìgbà tí ẹnìkan ń lé mi bọ̀ lẹ́yìn.

Èmi àti Ammi Buzid la jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé omi ìlú. Ammi ni à ń pe ọkùnrin tó bá tó bàbá ẹni. Ilé omi náà kò ju yàrá mẹ́ta lọ, lẹ́bàá odò tó ń ti orí òkè bọ̀. A ó fa omi wọlé, a ó da álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ lè rọ̀ sísàlẹ̀, a ó jẹ́ kó gba inú iyanrìn kọjá. Lẹ́yìn náà ni kiloríìnì, oògùn apakòkòrò, á máa kán sí i láti inú àgbá, tó, tó, tó, kí omi tó lọ sí táǹkì, kó sì ti ibẹ̀ ṣàn wọ ilé gbogbo.

Èròjà tí a fi ń wò ó bóyá kiloríìnì pé nínú omi ti tán tipẹ́. Àwọn ọ̀gá ní olú-ìlú ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Ahọ́n Ammi Buzid la wá ń lò. Ní wákàtí wákàtí, á bu ife kan, á tọ́ ọ wò, á ní, "Ó ta díẹ̀. Ó dáa." Èmi á kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ààwẹ̀ dé, ahọ́n gba ìsinmi lójú ọ̀sán. Kíkán kiloríìnì nìkan la ń kà, ogójì ní ìṣẹ́jú kan.

Ooru ọdún yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Yàrá tí a ń kó àgbá kiloríìnì sí ló tutù jù nínú gbogbo ọgbà. Ní ọjọ́ kẹta ààwẹ̀, èmi ni mo dá a lábàá pé ká kó àgbá síta, ká tẹ́ ẹní síbẹ̀.

"Ọmọ yìí gbọ́n," ni Ammi Buzid wí, ó ti ń na ẹsẹ̀. "Àgbá kì í gbààwẹ̀. Jẹ́ kó wà lóòrùn."

Àgbá náà sì wà lóòrùn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún ààwẹ̀, òjò ńlá rọ̀ lórí òkè. Odò pọ́n bí epo, ó ń gbé igi, ó ń gbé òkú ewúrẹ́. Abúlé kan wà lókè odò tí onígbáméjì ti ń jà láti ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ohun tó wà ní ilé ìyàgbẹ́ wọn ni òjò sì gbá sínú omi. A mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi kún álọ́ọ̀mù láàárọ̀, mo yí àgbá kiloríìnì kan wọlé láti ìta, mo ṣí i. Bí mo ṣe ń rò ó, ó ta sí ṣòkòtò mi lórúnkún. Mo ṣépè, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Kò sí aṣọ iṣẹ́ wa tí kò ní àpá funfun lára. Bí kiloríìnì bá ti kàn án, kí o tó ṣẹ́jú, ojú ibẹ̀ ti bó.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, mo jókòó, mo wo orúnkún mi. Ṣòkòtò ti gbẹ. Búlúù ló ṣì jẹ́. Kò sí àpá kankan.

Mo fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀.

"Ammi, ẹ wò ó."

"Kí ni n ó wò? Orúnkún ẹ? Mo wà lẹ́nu ààwẹ̀ o."

"Kiloríìnì ta sí i láàárọ̀. Kò bó."

Ó wò ó pẹ́. "Ṣé kì í ṣe omi ló ta sí ẹ?"

"Kiloríìnì ni, Ammi. Oòrùn ti pa á. Ẹ tọ́ omi wò."

"Kí n kí ni?"

"Ẹ fi ṣónṣó ahọ́n kàn án, kí ẹ tu ú dànù. Ṣebí bẹ́ẹ̀ làwọn obìnrin ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò lójú ààwẹ̀."

"Ṣé mo jọ obìnrin lójú ẹ ni? Láti ọmọ ọdún méjìlá, ọ̀sán ààwẹ̀ ò bá nǹkan kan lẹ́nu mi rí. Ṣé ṣòkòtò ẹ ló máa wá bà á jẹ́ fún mi? Lọ ka kíkán ẹ."

"Kíkán pé ogójì. Omi lásán náà máa ń kán, Ammi."

Ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà, kò kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mo gbé ife. Mo ní mo máa tọ́ ọ wò, mo máa tu ú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà sààrì ni òǹgbẹ ti ń gbẹ mí, ọ̀fun mi kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ó gbé e mì. Omi náà dùn. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti ń mu omi ìlú yẹn, kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò ta, kò rùn, ó dà bí omi ìsun.

"Ó dùn," ni mo wí.

Ammi Buzid fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Mo sáré lọ ti fáàfù táǹkì, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Láti ọ̀sán làwọn obìnrin ti ń pọn omi sínú ìkòkò kó lè tutù de ìṣínu. Ní ọjọ́ mìíràn, ẹnìkan á mu nísinsìnyí, ẹlòmíràn á mu tó bá yá. Ní oṣù ààwẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń mu, bí ládánì bá ti lanu. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọ̀fun. Ìyá mi wà lára wọn. Wákàtí kan péré ló kù kí oòrùn wọ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mọ́ṣáláṣí. Kí wọ́n kéde."

"Wọ́n á jù wá sẹ́wọ̀n, Mabruk! Bóyá kò tiẹ̀ sí nǹkan kan nínú omi yẹn."

"Bóyá ó wà ńkọ́?"

Mo sáré. Òkè ni ọ̀nà náà, ó sì jìn. Ní ojúlé kọ̀ọ̀kan tí mo kọjá, ọbẹ̀ ń ta sánsán, ife ń kan ife. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró fọwọ́ kan ikùn mi.

Si Tayib, ládánì wa, ti wà nídìí gbohùngbohùn, ó ń wo aago.

"Si Tayib, omi ìlú ti bàjẹ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má mu ún."

"Ta ló sọ?"

"Èmi."

"Ìwọ tó jẹ́ pé oorun niṣẹ́ ẹ? Ta ni ò rí ẹní yín níbẹ̀ yẹn? Tí mo bá da ìlú rú, tó wá jẹ́ irọ́ ńkọ́? Lọ mú Buzid wá. Tó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́, màá gbà."

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù. Mi ò lè dé ilé omi kí n sì padà. Mo kúnlẹ̀, mo di ẹsẹ̀ Si Tayib mú, ó ń fà á, mi ò jẹ́ kó lọ. Ibẹ̀ ni Ammi Buzid bá wa. Ó wọlé láìbọ́ bàtà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó fa gbohùngbohùn mọ́ra.

"Èmi Buzid ni, Buzid olómi. Ẹ má mu omi ilé yín. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ fi dàbínù ṣínu, ẹ mu wàrà, ẹ má mu omi tí ẹ ò sè. Omi òní ò dáa. Mo tọ́ ọ wò. Àwa la fà á, àwa la kó oògùn rẹ̀ sóòrùn ká lè ríbi sùn. Ẹ dà á nù."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ya ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni Si Tayib pe ìrun.

Mo jáde sẹ́nu ọ̀nà. Ìlú pa lọ́lọ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ń mu ún àbí wọn ò mu ún. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n má tún gbọ́ ọ mọ́. Nígbà tó yá, arúgbó obìnrin kan ṣílẹ̀kùn ní ọ̀ọ́kán wa, ó gbé ìkòkò jáde, ó dà á sójú títì.

"Ọ̀lẹ burúkú!" ló kígbe sí mi. "Oorun ni yóò pa yín!"

Ojúlé kejì dà á. Ẹ̀kẹta dà á. Láìpẹ́ omi ń ṣàn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn tí òǹgbẹ ń gbẹ dúró, wọ́n ń wò ó lọ.

Ammi Buzid jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn.

"Ṣé o tu tìẹ?"

"Mo gbé e mì."

"Èmi náà," ló wí. "Ọ̀fun ò gbọ́ràn."

Ọjọ́ márùn-ún la fi ṣọ́ ikùn ara wa. Tí mo bá pẹ́ ní ilé ìyàgbẹ́, á wá gbá ilẹ̀kùn: "Mabruk! Ṣé líle ni àbí omi?" Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa méjèèjì. Ikùn wa kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí gbohùngbohùn kò dé, àwọn mẹ́ta dùbúlẹ̀. Ara àwọn méjì yá kíá. Ẹ̀kẹta, ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Warda, fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.

Ọjọ́ kejì ọdún ìtúnu ààwẹ̀ la lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Warda. Ó jókòó ti ògiri, ó rù kan egungun. A bẹ̀ ẹ́ títí. Kò sọ pé òun dárí jì wá, kò sọ pé òun ò dárí jì wá. Ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó bu omi ẹ̀rọ sínú ife méjì, ó gbé e síwájú wa.

Ammi Buzid wò mí. Mo wò ó. Ojú obìnrin náà kò kúrò lára wa títí a fi mu ún tán.