Ihò Méje Lára Òkìtì Bàámi

Oòrùn ni mo kọ́kọ́ rí, àmọ́ ilẹ̀ ló wà. Ó tẹ́ lọ rẹrẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí omi, kò sì jó mi. Ibi tá a ti ń sun èédú ti di kìkì dígí dúdú, àwọn sólà tí ilé-iṣẹ́ tuntun kan ní àwọn fẹ́ rì síbẹ̀. Wọ́n pọ̀ débi tí wọ́n fi kan ojú ọ̀run. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Mo kà wọ́n. Èmi tí mi ò lọ sílé ìwé, mo kà wọ́n tán.

Òkìtì èédú kan ṣoṣo, igi tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ bò, ló kù láàárín wọn, tó ń rú èéfín. Bàámi lóṣòó tì í.

Ọdún kejì rèé tá a ti sin Bàámi. Ikọ́ èéfín ló pa wọ́n. Níbi tí mo ti rí wọn yìí, wọn ò húkọ́ rárá. Wọ́n wọ ẹ̀wù iṣẹ́ wọn tó ya léjìká, wọ́n mú ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń lu ihò sára òkìtì lọ́wọ́, kí iná inú ẹ̀ lè mí.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàámi."

"Àjàgbé. Ta ló ń ṣọ́ òkìtì?"

"Èmi ni. Ní gbogbo Òkè-Ògùn, ta ló tún mọ èédú sun? Igi tí mo gé lọ́dún tó kọjá nìkan, tẹ́ ẹ bá tò ó, orí ẹ̀ á wà ní Ìlọrin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe tí mo bá ti ń fọ́nnu. "Àbúrò rẹ ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ni mo rí Oyèkúnlé lódì kejì. Àpótí Bàámi ló fi jókòó. Àpótí tí èmi àkọ́bí ò jókòó lé rí.

Inú bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Ìjọba ti ní ká má sun èédú mọ́. Ilé-iṣẹ́ sólà wá ní àwọn máa kọ́ ẹnì kan níṣẹ́ nínú agboolé kọ̀ọ̀kan tó ń sun èédú. Ẹnì kan péré. Wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù, Oyèkúnlé tó mọ̀wé sì kọ orúkọ ara ẹ̀ sí i. Èmi tí mo wà nínú èéfín kó lè lọ sílé ìwé ńkọ́? Mo bá ki fọ́ọ̀mù náà sínú àpò èédú. Ó wá a fọ́jọ́ mẹ́ta. Mo tiẹ̀ bá a wá a.

Níbi òkìtì náà, Bàámi na ọ̀pá irin sí Oyèkúnlé. Ó gbà á, ó ń lu ihò ní ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀, èmi ń fi ẹrẹ̀ dí i, kí iná lè wá sọ́dọ̀ mi nìkan. Bàámi ń wò mí.

Nígbà tó yá, wọ́n wú òkìtì náà. Eérú funfun ló wà lọ́dọ̀ mi. Ní ti Oyèkúnlé, igi tútù ni, èèpo ṣì wà lára ẹ̀. A ò rí èédú kankan níbẹ̀, kódà ẹyọ kan.

Bàámi tún igi mìíràn tò, wọ́n da koríko bò ó, wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n lu ihò yí i ká. Méje. Èéfín funfun náà ń fẹ́lẹ́, ó wá dà bí aró, bó ṣe máa ń rí tí èédú bá jinná dáadáa.

Wọ́n wojú mi. "Ta ló ní kó jẹ́ ihò kan?"

Mo jí. Abẹ́ igi òrí ni mo sùn sí, oòrùn ọ̀sán ti yí dé ojú mi.

Mo dìde jókòó, mo rò ó. Ilé-iṣẹ́ yẹn lu ihò kan fún èèyàn mọ́kàndínlógún tó ń sun èédú nínú agboolé wa, èmi àti àbúrò mi wá ń du ú mọ́ra wa lọ́wọ́.

Mo fa fọ́ọ̀mù yọ nínú àpò èédú, ó ti dúdú, mo mú un lọ bá àbúrò mi. Oyèkúnlé ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ibo lẹ ti rí i?"

"Ibi tí mo fi í sí."

Ó gbọn èédú kúrò lára fọ́ọ̀mù náà.

"Mo mọ̀, mo ṣe é. Mú bírò. Ìrọ̀lẹ́ yìí là ń mú un lọ sílé Baálẹ̀, níbi tí ilé-iṣẹ́ yẹn ti ń gbà á. Kọ orúkọ mi sábẹ́ tìẹ, kó o kọ ti gbogbo ẹni tó ń sun èédú nílé yìí."

"Ẹnì kan ni wọ́n ní kó jẹ́."

"Mo gbọ́. Àwa ni ò yẹ ká ti gbà."

"Tí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?"

"Màá sọ̀rọ̀ fún wọn. Ṣé ọ̀rọ̀ lo rò pé ó máa wọ́n mi?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń kọ ọ́. Mo ní kó fi tèmi hàn mí, ó fi ìka kàn án. Tiẹ̀ ló ṣì wà lókè, ó sì dùn mí dé egungun. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún tèmi kọ, kó kọ ọ́ gàdàgbà.