Ta Ló Dá Ọkọ̀ Ojú Sánmà Sílẹ̀?

Láti àárọ̀ ni ara Tíṣà Matthew Fátóògùn kò ti balẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, eré tẹlifíṣọ̀n Ọkọ̀ Ojú Sánmà yóò pé ọdún méjìdínlógún, wọn yóò sì gbé orúkọ ẹni tó dá a sílẹ̀ jáde gàdàgbà. Orúkọ kan ṣoṣo ni Matthew fẹ́ kó hàn níbẹ̀, ìyẹn orúkọ tirẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn méjì ni wọ́n jọ kọ ọ́ nígbà tí wọ́n jọ ń ṣe tíṣà n'Íkìrun. Matthew ló ń kọ ọ̀rọ̀ kàǹkà-kàǹkà tí ọ̀gá ọkọ̀ ń sọ láàárín ìràwọ̀. Àtọ́kẹ́ Ọ̀ṣuntóyìn ló ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Matthew bá ń rántí rẹ̀, òun nìkan ló máa ń wà nínú yàrá tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ó wọ mọ́tò, ó di Òkukù lọ́dọ̀ Àtọ́kẹ́. Ó na ìwé tó ti tẹ̀ sílẹ̀ sí i.

"Fọwọ́ sí i fún mi pé èmi nìkan ni mo dá a sílẹ̀."

Àtọ́kẹ́ ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ ka ìwé náà tán tó fi nu ọwọ́ tó sì fọwọ́ sí i.

"Ó tán, àbí?"

Gbogbo àwíjàre tí Matthew ti há sórí láti àná kú sí i lẹ́nu. Kí ló dé tí kò jà? Nínú mọ́tò, ó ń yọ ìwé náà wò, ó ń dá a padà sápò, bí ẹni tó ra ẹran ní pọ́ọ́kú tó wá ń gbóòórùn rẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ n'Ínísà, nílé Fẹ́yìsetán, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí àwọn tó ń kọ eré náà báyìí. Ìyẹn kúnlẹ̀, ó gba ìwé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ó ku ìbéèrè kan. Yàrá inú ọkọ̀ tó wà ní títì láti ọdún kejì, a fẹ́ ṣí i wàyí. Ẹni tó dá eré sílẹ̀ ló mọ ohun tó wà níbẹ̀. Kí ni?"

Matthew wúkọ́. "Ìrètí ọmọ aráyé."

"Ó dáa gan-an, Bàbá. Báwo la ṣe máa gbé e síwájú kámẹ́rà?"

"Ìrètí tó... tó ga."

"Ó ga tó mítà mélòó, sà?"

Matthew sáré bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pe Àtọ́kẹ́ lórí fóònù, ó bi í léèrè ohun tó wà nínú yàrá náà.

"Yàrá wo? Èmi tí mi ò bá ọ dá nǹkan kan sílẹ̀?"

"Àtọ́kẹ́, má jẹ́ kí ọmọdé fi mí ṣẹ̀sín. Mo máa kọ orúkọ ẹ sí i."

"Apá ibo?"

"Ìsàlẹ̀ tèmi."

"Tíṣà, ẹ̀gúsí ń dúró dè mí o."

"Òkè! Òkè ni mo ní!"

"Tí o bá kọ ọ́ tán, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìgbà yẹn la ó wá sọ̀rọ̀ yàrá."

Ó padà wọlé, ó ní kí Fẹ́yìsetán dá ìwé náà padà fún òun. Àyè tó ṣẹ́ kù lókè orúkọ rẹ̀ kò ju ìbú ìka kan lọ. Ó yọ bírò, ó tẹ̀ mọ́ tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ Àtọ́kẹ́, wínníwínní, bí ẹsẹ̀ èèrà.