Gbogbo Àwòrán Tó Ní Ojú Rẹ̀

Ògiri ni fóònù náà kọ́kọ́ bà kó tó já sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló já a gbà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, tó sì jù ú. Ó fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́, ó ń yí ẹsẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni ń pa aáyán, kó tó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀ tó fẹ̀yìn ti fìríìjì. Ó ní oníbàárà wo ló ń pe èèyàn lásìkò oúnjẹ. Obìnrin náà ṣì ń wá ohun tí yóò fi dáhùn nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bà á ní ìhà. Èkejì bà á níbi tí ti àkọ́kọ́ ti bà á. Kò pariwo. Ariwo máa ń jẹ́ kó pẹ́ ni.

Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ ọkùnrin náà ní Jẹ́jẹ́. Igbákejì ọ̀gá ni ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí níbẹ̀ kó gbóhùn sókè ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ. Bí oníbàárà bá ń bínú, òun ni wọ́n máa ń rán lọ pẹ̀tù sí i. Ilé nìkan ló ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Yàrá kékeré kan tó kọjú sí òpópónà, nísàlẹ̀ ilé tí wọ́n ń gbé, ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí Jẹ́jẹ́ ò mọ̀ ni pé kì í ṣe àwòrán aṣọ nìkan ló wà nínú fóònù tó fọ́ yẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí obìnrin náà ti ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́rí, tó ń ya ojú ara rẹ̀: ètè tó là, etí tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ sí, ọrùn tí àpá ìka hàn lára rẹ̀ ketekete. Agbẹjọ́rò kan tó máa ń gbé aṣọ wá fún un rán ló ní kó máa yà wọ́n, kó sì kó wọn wá fún òun nígbà tó bá ṣe tán láti lọ. Ó ní níwájú adájọ́, ẹnu lásán ò lè gba obìnrin sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Jẹ́jẹ́. Gìgísẹ̀ bàtà ti wá lọ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ ra fóònù tuntun fún un, ó dì í ní bébà aláràbarà, ó sì fẹnu kò ó níwájú orí. Obìnrin náà gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnfóònùṣe àdúgbò. Ó ní òun ń wá ibi tí àwòrán òun yóò máa wà, tó fi jẹ́ pé bí fóònù bá tilẹ̀ rún wómúwómú, àwòrán ò ní bá a lọ.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àwọsánmà lẹ ń wá, àǹtí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn, àmọ́ èyí kì í rọ̀."

Ó ṣàlàyé fún un. Èyí tó bá fóònù wá, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ ò tó nǹkan. Àwòrán aṣọ rẹ̀ nìkan yóò kún un láìpẹ́. Òmíràn wà tí èèyàn lè dá san, tí yóò jẹ́ tirẹ̀ nìkan, káàdì báńkì ni wọ́n sì fi ń san án. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ni káàdì wà. Bí owó bá jáde, fóònù Jẹ́jẹ́ ló ń dún, yóò sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń tọ́jú. Ó wá ku ti ẹbí, tí Jẹ́jẹ́ ti ń san tẹ́lẹ̀, tí gbogbo ará ilé lè máa lò. Atúnfóònùṣe ní yàrá kálukú wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kálukú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ọkọ mi ò ní lè rí tèmi?"

"Àfi tẹ́ ẹ bá ṣílẹ̀kùn fún un. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi pamọ́ fún ọkọ?"

Kò dúró gba èsì, ó ti gbé fóònù ẹlòmíràn. Aránṣọ ro èyí, ó ro tọ̀hún, ó sì mú ti ẹbí.

Láti ìgbà náà, bó bá ti ya àwòrán, tó sì ti gòkè lọ sínú àwọsánmà náà, á yọ ọ́ kúrò lójú fóònù. Ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e léjìká nítorí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tí kò tẹ̀ dáadáa, ó yà á tòun tojú tó ń sunkún. Ọjọ́ tó gbá a lójú títí ojú fi dí, ó yà á. Nígbà tí ètè rẹ̀ tún là, tí etí rẹ̀ tún ṣẹ̀jẹ̀, ó yà wọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ohun kan wà tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ò lè dé.

Nígbà tí ìgbéyàwó wọn pé ọdún mẹ́wàá, Jẹ́jẹ́ pe ọ̀gá ibiṣẹ́ rẹ̀ àti ìyàwó ọ̀gá wá jẹun ọ̀sán. Ìyá rẹ̀ náà wá. Jẹ́jẹ́ fẹ́ fi nǹkan kan ya gbogbo wọn lẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gba fóònù ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi pe ìyá rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ obìnrin náà tó wà nínú rẹ̀ wọ ibi ìpamọ́ ẹbí, ó sì ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo àwòrán tó bá ní ojú obìnrin náà jọ, kó máa gbé wọn jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò yẹ̀ wọ́n wò. Àwòrán ìyàwó ẹni, kí ló tún kù tí èèyàn ò mọ̀ níbẹ̀?

Wọ́n jẹun tán, Jẹ́jẹ́ dìde. Ó fi ohùn rẹ̀ tó tutù yẹn sọ pé kí wọ́n bá òun wo obìnrin tí Ọlọ́run fi ta òun lọ́rẹ. Ìyàwó ọ̀gá gbé fóònù sókè, ó ń ká a sí fídíò. Àwòrán ọjọ́ ìgbéyàwó ló kọ́kọ́ jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Òmíràn jáde, tó ti ń rẹ́rìn-ín létí òkun. Lẹ́yìn èyí ni ojú kan kún tẹlifíṣọ̀n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wú bí búrẹ́dì, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti dí pátápátá. Àwọn àlejò ò kọ́kọ́ mọ ẹni tí í ṣe. Ẹ̀rọ ló dá a mọ̀. Ètè tó là tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni etí, lẹ́yìn náà ni èjìká tó bó. Jẹ́jẹ́ ń tẹ rìmóòtù, àwòrán ò dúró.

Ìyá Jẹ́jẹ́ kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá tẹjú mọ́ àwo tó ti jẹun tán nínú rẹ̀.

"Bọ́ọ̀lù ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀," ọ̀gá sọ. "Ẹ yí i síbẹ̀."

Wọn ò dúró wo bọ́ọ̀lù ọ̀hún. Ọ̀gá bọ Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, ó dúpẹ́ oúnjẹ. Lẹ́nu ọ̀nà, aránṣọ di ọwọ́ ìyàwó ọ̀gá mú, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀.

"Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ."

Ìyàwó ọ̀gá wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ ti ṣáná sí mọ́tò. Ìyá Jẹ́jẹ́ ní kí tọkọtaya fi sùúrù yanjú ọ̀rọ̀ ara wọn, ó sì bá wọn wọ mọ́tò lọ.

Jẹ́jẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, ó wá yí tẹlifíṣọ̀n sí bọ́ọ̀lù, ó sọ ohùn rẹ̀ di gooro. Ó fi irun fa ìyàwó rẹ̀ kọjá lórí àga. Àwo fọ́, ó sì wọ́ ọ lórí àfọ́kù náà. Bó ti wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá a ní ìhà títí nǹkan fi kán níbẹ̀. Obìnrin náà bu ú ní ọwọ́ jẹ, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa bá a jà nìyẹn. Jẹ́jẹ́ gbé e dìde, ó gbá ojú rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbá a, títí gíláàsì fi là tó sì wọlé sí ojú òsì. Ìgbà tí Jẹ́jẹ́ lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni obìnrin náà rá gba ojú fèrèsé ilé ìdáná jáde, tó já sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Aládùúgbò tó ń gbé lókè ní òun gbọ́ ariwo, pé bọ́ọ̀lù lòun rò pé ó fà á.

Nílé ìwòsàn, wọ́n yọ ojú òsì. Obìnrin ọlọ́pàá kan wá, ó sì fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ti fi fóònù ìyàwó rẹ̀ pa gbogbo àwòrán náà rẹ́, kí agbẹjọ́rò tó rí ọ̀kankan nínú wọn. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ló wó lu ìyàwó òun níbi tó ti ń nù ún. Ọ̀gá ní àwòrán ìgbéyàwó nìkan lòun rí. Ìyá Jẹ́jẹ́ ní ojú òun ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́.

Ó ku fídíò. Ìyàwó ọ̀gá wá kí aláìsàn, ó gbé èso dání, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e kà. Aránṣọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi fídíò náà ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá.

Ìyàwó ọ̀gá ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. "Ọkọ mi ló ni ibi ìpamọ́ wa. Ó ti pa á rẹ́."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò ṣe jẹ́ kí wọ́n bi yín ní ohun tí ẹ rí?"

Ìyàwó ọ̀gá gbé èso sórí ibùsùn, ó sì jáde.

Àwọn ọlọ́pàá tú Jẹ́jẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó padà síbi iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a kẹ́dùn pé ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì dáwó ra tẹlifíṣọ̀n tuntun fún un.

Aránṣọ gba yàrá sí àdúgbò mìíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú kan kì í mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Abẹ́rẹ́ ń gún un, ó sì ń fi omi tútù fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ aláṣọ. Oníbàárà kan wá wọn ara. Bó ti dúró, ògiri ló ń wò. Nígbà tó yá, ó ní kí aránṣọ má bínú o, ṣé kò lè wá nǹkan fi bo ojú yẹn ni, nítorí kò rọrùn fún òun láti máa wò ó.

Aránṣọ ní kó gbé apá sókè, ó sì wọn àyà rẹ̀.