Ojú Odídẹrẹ́

Ọ̀dà ojú ẹyẹ inú àwòrán náà kò tíì gbẹ tí fóònù Fẹ́yìsetán fi dún. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì kékeré ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó wo orúkọ tó jáde. Bàbá rẹ̀ ni, láti Ìtapàjí.

"Fẹ́yì, odídẹrẹ́ kan ń ké níbí o."

"Ó ní láti jẹ́ pé ó já mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́ ni, Bàbá."

"Rárá o. Ti igbó ni. Ọ̀nà dáàmù ló ti ń ké. Ó ti pẹ́ tí irú ẹ̀ ti tán nílẹ̀ wa."

Ẹ̀rín pa Fẹ́yìsetán. Láti ìgbà tí ojú Bàbá Ògúntádé ti fọ́, etí ló fi ń ṣe ohun gbogbo, kò sì sí ohun tó dún láàárín Ìtapàjí sí Ìpáò tí kò ní pe ọmọ rẹ̀ láti ròyìn. Bí táyà ọkọ̀ bẹ́ lójú títì, á pè. Bí ewúrẹ́ kátíkíìsì wọ oko olóko, á pè. Fẹ́yìsetán sọ fún un pé òun ń bọ̀ wá kí i tí wọ́n bá ti parí ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, ó sì kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Ìkọ̀lé ló ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ títún ìwé àti àwòrán àtijọ́ ṣe. Òyìnbó kan ló ya àwọn àwòrán tó wà níwájú rẹ̀ yìí, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tó gba agbègbè yẹn kọjá. Ọ̀dà olómi ló fi yà wọ́n. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọn padà wá ni, ọ̀la sì ni wọ́n fẹ́ ṣí wọn fún aráyé rí. Agbe wà níbẹ̀, àlùkò wà níbẹ̀, àparò náà kò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn dúró ṣánṣán lórí ẹ̀ka bí ẹyẹ alààyè, ìyẹ́ wọn dán, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lajú.

Àwọn onímọ̀ tó wá wò wọ́n láti yunifásítì rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní òyìnbó yìí mọ ìyẹ́ yà, kò mọ ojú yà. Fẹ́yìsetán kò bá wọn rẹ́rìn-ín, kò sì sọ ohun tó mọ̀. Ọmọ ọdẹ ni. Nínú ìdílé wọn, ọdẹ kì í gbé ẹyẹ wọ̀lú kó lajú sílẹ̀. Nínú igbó ló ti máa fi itọ́ pa àtàǹpàkò, á tẹ ojú ẹyẹ náà dé, á ní, "Má mọ ulé," kó má baà mọ ọ̀nà ilé. Wọ́n ní èyí tí wọn kò bá pa lójú dé á rí ọ̀nà, ohun tó bá sì ti rí ọ̀nà, dandan ni kó wá sílé ọdẹ. Ó dá a lójú pé ará Ìtapàjí ló ń pa ẹyẹ fún òyìnbó náà. Ohun tí òyìnbó bá níwájú ló sì yà.

Kòkòrò ti jẹ ojú odídẹrẹ́. Fẹ́yìsetán ti fi bébà fẹ́lẹ́ lẹ ihò náà, ó kù kó ya ojú dídì sí i bíi ti àwọn yòókù. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá Adégbóyè, olórí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ti bá a kí fóònù tó dún. Ó ní odídẹrẹ́ ni àwọn máa lò fún pósítà.

"Ta ló máa wá wo ẹyẹ tó ń sùn? Bá mi la ojú ẹ̀."

"Sà, gbogbo wọn ló di ojú."

"Ìdí tí mo fi ní kí o la ọ̀kan nìyẹn."

Wọn kò tíì gba Fẹ́yìsetán síṣẹ́ pátápátá, ọwọ́ ọ̀gá yìí sì ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ló bá la ojú ẹyẹ. Ìkánjú kò tilẹ̀ jẹ́ kó ṣe é bó ti yẹ: ojú odídẹrẹ́ a máa funfun ni, ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa tó fi tún ìkó ìdí rẹ̀ ṣe ṣì wà lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, òun ló sì kán síbẹ̀. Ó ní òun á tún un ṣe tó bá gbẹ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Fóònù tún dún.

"Ó ti dé ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì," ni Bàbá wí. "Ó ń sọ̀rọ̀, Fẹ́yì."

"Kí ló ń sọ?"

"Ọ̀nà ló ń béèrè. 'Ulé ọdẹ dà? Ulé ọdẹ dà?' Ohùn bàbá mi ló fi ń sọ ọ́."

Fẹ́yìsetán pa fóònù. Ó pe Joy, aládùúgbò tó máa ń bá Bàbá se oúnjẹ.

"Àǹtí, èmi ò gbọ́ ẹyẹ kankan o," ni Joy dáhùn. "Ṣùgbọ́n gbogbo adìẹ ti sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá, wọn ò fẹ́ jáde. Bàbá ní kí n ṣí gbogbo fèrèsé, pé àwọn ń retí àlejò. Mo ti ṣí i kí n tó kúrò níbẹ̀. Inú ọkọ̀ tó ń lọ Òkè-Àkò ni mo wà báyìí."

Fẹ́yìsetán padà sídìí tábìlì. Ó fi ìka kan ojú ẹyẹ náà, ó ti gbẹ. Síbẹ̀ ó ń dán bí ojú tó ń ṣomi. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi. Ìyá rẹ̀ ti lọ. Bàbá yìí nìkan ló kù tó ń pè é ní Àdùkẹ́. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ bọ́, kó bọ́.

Ó ti àtàǹpàkò bọ omi, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú náà bó ṣe máa ń rí i tí Bàbá ń ṣe é. "Má mọ ulé," ló wí wúyẹ́wúyẹ́. Pupa náà yọ́, ó ràn mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú ya ìpéǹpéjú bò ó. Ìgbà tó gbójú sókè, Ọ̀gá Adégbóyè ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lo ṣe yẹn?"

"Mo pa ojú ẹ̀ dé, sà."

Ọkùnrin náà wò ó títí, ó pòṣé, ó bá tirẹ̀ lọ. Fẹ́yìsetán mọ̀ pé iṣẹ́ ti lọ nìyẹn. Kò dùn ún. Ó pe bàbá rẹ̀. Fóònù dún, ó dún, kí Bàbá tó gbé e.

"Bàbá, ṣé ó ti dákẹ́?"

"Ó ti dákẹ́. Kò tíì pẹ́."

"Ọlọ́run ṣeun."

"Orí àga ìyá rẹ ló bà lé," ni Bàbá wí. "Ó rẹwà. Ojú ẹ̀ nìkan ló yà mí lẹ́nu. Gbogbo odídẹrẹ́ tí mo mọ̀, ojú wọn a máa funfun ni. Tèyí pọ́n bí ìkó."

"Bàbá... ẹ rí i?"

"Mo rí i, Àdùkẹ́." Ayọ̀ kún ohùn rẹ̀ bíi ti ọmọdé. "Mo rí i, mo rí àga, mo rí fótò ìyá rẹ lára ògiri. Kedere ni. Àmọ́ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ojú ni, ilẹ̀ sì tún ṣú mọ́ mi. Mo ń gbọ́ ọ. Ó ń fi orí gbá ògiri. Ó jọ pé kò mọ ibi tó gbà wọlé mọ́."

Fẹ́yìsetán wo àtàǹpàkò rẹ̀ tí ọ̀dà pupa ti gbẹ sí. Inú igbó làwọn ọdẹ ti ń tẹ ojú ẹyẹ dé, kó tó mọ ilé. Èyí ti mọ ilé, ó ti wọlé, kí òun tó tẹ̀ ẹ́. Ó gbé fóònù mọ́ etí, ó sì gbọ́ ìyẹ́ tó ń gbá ara ògiri, jẹ́jẹ́, láti igun yàrá kan dé èkejì.